Bọ́tìnnì Rédíò Ọkọ̀ Tó Ṣẹ́

Bọ́tìnnì rédíò ọkọ̀, èyí tí à ń yí kí ohùn lè lọ sókè tàbí kó wálẹ̀, ni ọ̀rọ̀ tòní dá lé.     

Ohun kékeré ni bọ́tìnnì yìí. Kò ju orí àtàǹpàkò lọ. Ṣùgbọ́n bó bá ṣẹ́, rédíò á di aláìgbọràn. Ó ń sọ̀rọ̀, ó ń kọrin, ta ni yóò wá sọ fún un pé kó rẹ ohùn sílẹ̀?

Ẹ ti wọ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ rí, àbí ẹ kò tíì wọ̀ ọ́? Ẹ̀mú wà lórí dáṣíbọ́ọ̀dù níwájú awakọ̀. Kì í ṣe ẹ́ńjìnnì ló fẹ́ fi tún ṣe. Rédíò ló fi ń yí. Bí ìròyìn bá bẹ̀rẹ̀, á na ọwọ́ mú ẹ̀mú, á fi gbá irin tó yọ ṣóńṣó mú, á yí i. Nínú takisí mìíràn, ìdérí ọṣẹ ìfọyín ló ti gorí irin náà. Nínú òmíràn, ìdí bírò Bic ni wọ́n gé tì í. Ọgbọ́n ni gbogbo rẹ̀, kò sì yẹ kí a fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ti ẹ̀mú nìkan ni kò dára. Eyín ẹ̀mú ń jẹ irin náà díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí bọ́tìnnì gidi bá fi dé, irin ò ní ojú tí yóò fi gbà á mọ́. Ká má tíì sọ pé awakọ̀ tó ń fi ẹ̀mú wá irin nínú òkùnkùn kò wo ọ̀nà mọ́.

Àwọn kan tún wà tó jẹ́ pé gbogbo rédíò ni wọ́n ń tú jù nù nítorí bọ́tìnnì kan. Wọ́n á ra tuntun. Àwọn àgbà sì ti sọ ọ́: bíbẹ́ orí kọ́ ni oògùn orí fífọ́.

Ìbéèrè kan ló yẹ kó ṣáájú. Kí ló ṣẹ́ gan-an? Bọ́tìnnì ni, ọ̀pá ni, àbí fọ́lúùmù? Bọ́tìnnì ni ike tí ọwọ́ ń dì mú. Ọ̀pá ni irin tín-ín-rín tí bọ́tìnnì wọ̀ sí lórí. Nígbà mìíràn, ike ni òun náà. Fọ́lúùmù, gẹ́gẹ́ bí àwọn tó ń tún rédíò ṣe ti ń pè é, ni ẹ̀yà kékeré inú rédíò tí ọ̀pá náà ti yọ jáde. Mẹ́ta ni wọ́n. Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni àìsàn wọn, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sì ni oògùn wọn.

Báwo la ṣe ń mọ èyí tó ṣẹ́? Kí a tan rédíò. Kí a fi ìka méjì mú irin tó kù, kí a yí i jẹ́jẹ́. Bí ohùn bá ń gòkè tó sì ń wálẹ̀ bó ṣe yẹ, ara inú le. Bọ́tìnnì nìkan ló kú. Bí kò bá sí nǹkan kan tí ìka lè mú, tàbí tí irin náà dá sí méjì, ọ̀pá ló ṣẹ́. Bí ọ̀pá bá wà, tó sì ń yí, ṣùgbọ́n tí rédíò ń ha kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀, tàbí tí ohùn ń fò sókè láìjẹ́ pé ẹnì kan rán an níṣẹ́, fọ́lúùmù ni kí a lọ wò. Ìṣẹ́jú kan péré ni àyẹ̀wò yìí. Kò gba irinṣẹ́ kankan.

Láti ìgbà tí rédíò ti wọ inú ọkọ̀ ni ọ̀rọ̀ bọ́tìnnì ti wà. Ní 1930, ní Chicago, ní Amẹ́ríkà, ilé iṣẹ́ Paul Galvin àti àbúrò rẹ̀ Joseph gbé rédíò ọkọ̀ kan jáde tí wọ́n sọ ní Motorola. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, ní 1932, Blaupunkt ti ilẹ̀ Jámánì gbé tirẹ̀ jáde. Rédíò ìgbà náà tóbi bí àpótí. Kò sí bí wọ́n ṣe lè gbé e sí iwájú awakọ̀. Ibòmíràn nínú ọkọ̀ ni wọ́n ń gbé ọ̀pọ̀ nínú wọn sí. Bọ́tìnnì nìkan ló ń wà lẹ́bàá ọwọ́ ìdarí, tí wáyà gígùn kan sì so ó mọ́ rédíò níbi tó fara pamọ́ sí. Nígbà tó yá, rédíò kéré sí i, ó bọ́ sínú dáṣíbọ́ọ̀dù, ó wá ní bọ́tìnnì méjì. Ti ọwọ́ òsì ń tan án, ó sì ń gbé ohùn sókè. Ti ọwọ́ ọ̀tún ń wá ilé iṣẹ́ rédíò. Ẹni tó bá ti wọ Peugeot 504 láyé àtijọ́ kò lè gbàgbé ìlà pupa tín-ín-rín tó máa ń rìn lọ rìn bọ̀ lórí nọ́ńbà bí wọ́n bá ń yí ti ọwọ́ ọ̀tún. Ní Parakou wa, ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, níbi tí èdè Baatonu, Dendi, Nàgó, Fulfulde àti Faransé ti ń pàdé lórí afẹ́fẹ́, iṣẹ́ ńlá ni bọ́tìnnì ọwọ́ ọ̀tún yẹn ń ṣe.

Rédíò ìsinsìnyí sábà máa ń ní ẹyọ bọ́tìnnì kan péré. Ẹyọ kan yẹn ló ń tan rédíò, òun náà ló ń pa á, òun ló ń gbé ohùn, bí a bá sì tẹ̀ ẹ́, á tún ṣe nǹkan mìíràn. Gbogbo ẹrù wá dé orí ọmọ kan.

Kí ló wá ń ṣẹ́ bọ́tìnnì ní agbègbè Parakou yìí? Oòrùn ni àkọ́kọ́. Ọkọ̀ tó dúró sí gbangba láti àárọ̀ títí di ọ̀sán, tí gíláàsì rẹ̀ wà ní títì, inú rẹ̀ á gbóná ju ìta lọ fíìfíì. Dáṣíbọ́ọ̀dù ló sì ń gba oòrùn jù. Ike tó ń gbóná tó ń tutù lójoojúmọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún á gbẹ, á le, á máa sán. Lẹ́yìn oòrùn, ọyẹ́. Bí ọyẹ́ bá ti dé, eruku pupa á wọ gbogbo ihò tó wà nínú ọkọ̀. Á wọ abẹ́ bọ́tìnnì, á sì bá ọ̀pá wọnú lọ. Bọ́tìnnì tó ti ń yí wẹ́rẹ́ á wá máa le lọ́wọ́. Ẹni tó ń yí i á fi agbára kún un. Ibẹ̀ ni ọrùn bọ́tìnnì ti ń là.

Ọjọ́ orí àwọn ọkọ̀ náà wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Tòkunbọ̀ ni púpọ̀ nínú ọkọ̀ tó ń rìn ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀. Èbúté Kútọnu ni wọ́n ń gbà wọlé. Àwọn mìíràn ń dúró síbí. Ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn mìíràn fi gba Parakou kọjá lọ sí ilẹ̀ Niger. Kí ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ tó tẹ ilẹ̀ wa, ìka ẹlòmíràn ti yí bọ́tìnnì rẹ̀ fún ọdún gbọọrọ. Ike náà ti darúgbó kó tó bá oòrùn Parakou pàdé.

Ó dáa. Ká ní bọ́tìnnì ṣì wà lórí ọ̀pá, ṣùgbọ́n tó ń yọ̀. À ń yí i, kò mú nǹkan kan. Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ yọ ọ́. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dáadáa ná: ǹjẹ́ ihò bíńtín kan wà níbẹ̀, tí súkúrù kékeré wà nínú rẹ̀? Bó bá wà, súkúrù yẹn ló dì í mú. Kí a tú u díẹ̀. Nígbà mìíràn, súkúrù yẹn ló kàn dẹ̀. Kí a fún un padà ni, ọ̀rọ̀ parí. Bí kò bá sí súkúrù, fífà ni wọ́n ń fa bọ́tìnnì náà jáde. Kí a fà á gbọọrọ síwájú, kì í ṣe sí ẹ̀gbẹ́. Súkúrúdíráfà tí àwọn kan ń kì bọ abẹ́ rẹ̀ láti fi gbé e ló ń dá ojú rédíò lápá, òun ló sì ń tẹ ọ̀pá wọ́. Okùn bàtà dára jù ú lọ. Kí a fi okùn bàtà yí ìdí bọ́tìnnì ká, kí a mú etí méjèèjì, kí a fà á sọ́dọ̀ ara wa jẹ́jẹ́. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Bó bá ti bọ́, ẹ yí ẹ̀yìn rẹ̀ sókè. Ọ̀pá kékeré kan tó ní ihò láàárín wà níbẹ̀. Ọrùn bọ́tìnnì nìyẹn. Ìdí púpọ̀ nínú wàhálà yìí ló wà ní ọrùn yìí. Bí a bá gbé e sí ojú ìmọ́lẹ̀, a ó rí ìlà tín-ín-rín kan tó là á láti òkè dé ìsàlẹ̀. Bí a bá ti bọ ọ̀pá sínú rẹ̀, ìlà yẹn á ṣí, ihò á fẹ̀, bọ́tìnnì á máa yọ̀. Nínú àwọn kan, irin pẹlẹbẹ kékeré kan wà nínú ihò náà tó ń há ọ̀pá mọ́ra. Bí irin yẹn bá ti bọ́ sọnù, ike nìkan kò lè di ọ̀pá mú.

Ọrùn tó là ṣe é dì. Kí a kọ́kọ́ fọ̀ ọ́, kí òróró ọwọ́ àti eruku kúrò. Ọtí tí wọ́n ń tà ní ilé oògùn ló dára fún iṣẹ́ yìí. Kì í ṣe sódábì o. Kì í sì í ṣe epo kpayo inú ìgò ẹ̀bá títì. Epo bẹntiróò ń jẹ ike, ó sì ń gbiná. Lẹ́yìn èyí, kí a mú òwú ìránṣọ tó lágbára, kí a fi wé ọrùn náà pinpin, ní ìpele kan ṣoṣo, kí ìlà tó là lè pa dé. Kí a wá fi gọ́ọ̀mù oní-túùbù méjì, èyí tí wọ́n ń pò pọ̀ kó tó ṣiṣẹ́, kùn ún lórí òwú náà. Kí a gbé e sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Kí nìdí tó fi jẹ́ ìpele kan ṣoṣo? Nítorí pé ojú rédíò ní ihò tí ọrùn bọ́tìnnì gbọ́dọ̀ wọ̀. Bí òwú bá pọ̀ jù, ọrùn á sanra, kò ní wọlé mọ́. Àwọn kan ń lo wáyà bàbà tín-ín-rín dípò òwú. Ó dára, ó tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Bí ọrùn kò bá là, tó jẹ́ pé ihò rẹ̀ ló kàn fẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ rọrùn ju èyí lọ. Ewé agolo tí a fi abẹ gé tẹ́ẹ́rẹ́, tí a tẹ̀ sínú ihò, ti tó. Takisí tó ń sáré lọ sí Djougou kò nílò jù bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ gọ́ọ̀mù gba kí a dúró díẹ̀, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń fi ọwọ́ ara wọn pa rédíò wọn. Súpà gúlúù, èyí tó ń gbẹ wàràwàrà, ni gbogbo ènìyàn ń sáré mú. Wọ́n á kán an sórí ọ̀pá, wọ́n á ti bọ́tìnnì mọ́ ọn. Kí ló ń ṣẹlẹ̀? Gọ́ọ̀mù yẹn ṣàn bí omi. Kì í dúró níbi tí a fi í sí. Á tẹ̀lé ọ̀pá, á wọ ibi tí ọ̀pá ti ń yí nínú fọ́lúùmù, á gbẹ síbẹ̀. Bọ́tìnnì á dì mọ́ ọ̀pá lóòótọ́. Ọ̀pá náà á sì dì mọ́ fọ́lúùmù. Kò ní yí mọ́ láé. Ọ̀rọ̀ ike kékeré ti di ọ̀rọ̀ inú rédíò. Èéfín rẹ̀ náà tún máa ń fi funfun bí eérú sára gíláàsì ojú rédíò. Nítorí náà, súpà gúlúù kò gbọdọ̀ kan ọ̀pá tó ṣì wà lára rédíò. Bí kò bá sí gọ́ọ̀mù mìíràn, bọ́tìnnì nìkan ni kí wọ́n fi í kùn, nígbà tó wà lọ́wọ́, kí ó sì gbẹ pátápátá kó tó padà sórí ọ̀pá.

Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí rédíò rẹ̀, káàbọ̀. Bọ́tìnnì rédíò ọkọ̀ tó ṣẹ́ ni ọ̀rọ̀ wa. Ìbéèrè tó ṣáájú ni pé: bọ́tìnnì ni, ọ̀pá ni, àbí fọ́lúùmù? Àtúnṣe bọ́tìnnì tó là la ti ń bọ̀. Bó bá wá jẹ́ pé bọ́tìnnì ti sọnù pátápátá ńkọ́?

Bó bá ti sọnù, òmíràn la ó wá. Bọ́tìnnì tó jọra lójú kò sì túmọ̀ sí pé ihò wọn bára mu. Ọ̀pá ló ń yan bọ́tìnnì. Bọ́tìnnì kì í yan ọ̀pá. Ẹ wo orí ọ̀pá náà. Oríṣi mẹ́ta ló wọ́pọ̀. Ọ̀kan rí roboto, ṣùgbọ́n wọ́n gé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan pẹrẹsẹ, bí lẹ́tà D. Èkejì ní eyín wẹ́wẹ́ yí ká, ojú lílà sì máa ń wà ní orí rẹ̀. Ẹ̀kẹta rí roboto, ó ń dán, kò ní eyín. Tirẹ̀ ni bọ́tìnnì oní-súkúrù. Ọ̀pọ̀ wọn nípọn tó mílímítà 6, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo wọn. Àwọn eléyín gan-an tún yàtọ̀ síra. Àwọn kan ní eyín 18, àwọn mìíràn ní 24. Lójú lásán, ìbejì ni wọ́n. Ẹni tó bá fi agbára ti ọ̀kan bọ orí èkejì á gbọ́ ìró kan, kọ́! Bọ́tìnnì tuntun ti là nìyẹn.

Níbo la ti ń rí i? Lọ́dọ̀ àwọn tó ń tú ọkọ̀ àlòkù tà, àti lọ́dọ̀ àwọn tó ń tún rédíò ṣe. Kò sí atúnrédíòṣe tí kò ní páálí kan lábẹ́ tábìlì, tí òkú rédíò kún inú rẹ̀. Nínú páálí yẹn ni ìwòsàn wà. Rédíò tí iná ti jó inú rẹ̀ lè ní bọ́tìnnì tó dára lójú rẹ̀. Kí ẹni tó ń lọ má lọ lọ́wọ́ òfo. Bí ẹyọ bọ́tìnnì kejì bá ṣì wà lára rédíò rẹ̀, kí ó yọ ọ́ dání, kí wọ́n fi wọn òmíràn. Bí kò bá sí, kí ó wa ọkọ̀ náà dé ibẹ̀, kí wọ́n dán an wò lójú ẹsẹ̀. Bọ́tìnnì tí a rà láìdán wò, owó inú odò ni. Àwọ̀ rẹ̀ lè má bá rédíò mu. Ìyẹn kò ba nǹkan kan jẹ́.

Bí a kò bá wá rí èyí tó bára mu ńkọ́? A lè sọ èyí tí kò bá a mu di èyí tó bá a mu. Kí a mú bọ́tìnnì tí ihò rẹ̀ tóbi ju ọ̀pá lọ. Kí a ya bébà, kí a fi wé ìdí ọ̀pá, kí gọ́ọ̀mù má lè bá ibẹ̀ wọlé. Kí a wá fi òrí díẹ̀ pa ọ̀pá náà lára. Òrí kò wọ́n ní Parakou. Bí kò bá sí, ìpara Vaselínì á ṣe é. Kí a po gọ́ọ̀mù oní-túùbù méjì, kí ó ki, kí a fi díẹ̀ sínú ihò bọ́tìnnì, kí a ti bọ́tìnnì bọ orí ọ̀pá, kí ó dúró gbọọrọ. Kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án títí di ọjọ́ kejì. Nígbà tí a bá fà á yọ, òrí kò ní jẹ́ kí gọ́ọ̀mù lẹ̀ mọ́ irin. Inú bọ́tìnnì á sì ti gba àwòrán ọ̀pá náà gẹ́lẹ́, ì báà jẹ́ eléyín, ì báà jẹ́ onígun pẹrẹsẹ. Iṣẹ́ yìí dùn-ún wò. Nínú gbogbo ọ̀nà tó wà, òun ló ń pẹ́ jù lọ́wọ́ ẹni tó bá ní sùúrù.

Ẹ̀rọ tún wà báyìí tó lè tẹ bọ́tìnnì jáde láti inú kọ̀ǹpútà. Ó ń yọ́ ike, ó ń tẹ̀ ẹ́ lé orí ara rẹ̀ ní ìpele ìpele, títí ohun tí a fẹ́ yóò fi yọrí. Kò jìnnà sí wa rárá. Ní Lomé, ní ilẹ̀ Tógò, ní 2013, Kodjo Afate Gnikou, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ ibùdó WoeLab, fi àlòkù kọ̀ǹpútà àti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tí wọ́n ti jù sí àkìtàn kan irú ẹ̀rọ yìí. W.Afate ni wọ́n pe orúkọ rẹ̀. Fún irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, bọ́tìnnì rédíò kò tó iṣẹ́. Ohun tó kàn ń béèrè ni pé kí ẹni tó ń wọn ọ̀pá mọ̀ ọ́n wọ̀n. Kí ike tí wọ́n ń lò sì jẹ́ èyí tó lè fara da ooru, torí ọ̀kan nínú àwọn tó wọ́pọ̀ jù máa ń rọ̀ bí ọkọ̀ bá dúró sínú oòrùn.

Ó yá, ọ̀pá ló kàn. Bọ́tìnnì ni, ọ̀pá ni, àbí fọ́lúùmù? Bí ọ̀pá bá ṣẹ́ tí ó ku kùkùté, tí kùkùté náà ṣì yọ síta díẹ̀, ìrètí wà. Ẹ rántí òpó tí wọ́n ń fà jáde lórí rédíò ilé, tó ń mú afẹ́fẹ́. Idẹ ni ọ̀pọ̀ wọn. Ihò wà nínú rẹ̀, ìpele ìpele ló sì jẹ́. Ìpele kọ̀ọ̀kan tóbi ju èkejì lọ. Nínú òkú irú òpó bẹ́ẹ̀, ìpele kan sábà máa ń wà tí ihò rẹ̀ gba kùkùté náà pinpin. Àwọn tó mọ iṣẹ́ wọn á gé e kékeré, wọ́n á ti apá kan bọ orí kùkùté, wọ́n á ti orí tó ṣẹ́ bọ apá kejì, wọ́n á fi gọ́ọ̀mù tó ki dì í. Ọ̀pá ti padà dọ́gba nìyẹn.

Bí ó bá ṣẹ́ láti ìdí, kò sí ibi tí a ó dì mọ́. Fọ́lúùmù ni wọ́n máa pààrọ̀. Iṣẹ́ yìí kì í ṣe ti ẹni tó ń kọ́ ọ lójú ọ̀nà. Wọ́n á tú rédíò, wọ́n á fi irin gbígbóná yọ́ òjé tó so ẹsẹ̀ fọ́lúùmù mọ́ pákó inú rẹ̀, wọ́n á yọ ọ́, wọ́n á fi òmíràn sí i. Lára fọ́lúùmù àtijọ́ ni nọ́ńbà rẹ̀ wà, fún àpẹẹrẹ 50K. Èyí tuntun gbọ́dọ̀ ní nọ́ńbà kan náà. Iye ẹsẹ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ dọ́gba. Gígùn ọ̀pá rẹ̀ gbọ́dọ̀ dọ́gba pẹ̀lú, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, bọ́tìnnì á rì wọnú tàbí kó yọ síta bí imú.

Ohun kan wà tó ń da ọ̀pọ̀ ènìyàn láàmú níbí. Oríṣi fọ́lúùmù méjì ló wà, ọ̀kan kò sì lè rọ́pò èkejì. Ti àtijọ́ ní òpin. Bí a bá yí i dé ibì kan, á dúró. Nínú rẹ̀, irin kékeré kan ń rìn lórí ilẹ̀ dúdú tí wọ́n fi èédú ṣe. Ibi tí irin náà bá dúró sí ló ń sọ bí ohùn yóò ṣe pọ̀ tó. Bí eruku bá bo ilẹ̀ dúdú yẹn, tàbí tí irin bá ti họ ọ́ jẹ, rédíò á máa ha kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀. Ti ìsinsìnyí kò ní òpin. À ń yí i lọ, à ń yí i lọ, ó kàn ń dún kẹ́, kẹ́, kẹ́ lábẹ́ ìka. Kì í ṣe òun fúnra rẹ̀ ló ń gbé ohùn. Iye kẹ́ yẹn ni ọpọlọ rédíò ń kà. Bí eruku bá wọ inú rẹ̀, ìṣirò á dàrú. A yí i sókè, ohùn wálẹ̀. A yí i sílẹ̀, ohùn bú jáde. Ẹni tó bá rí èyí lè rò pé rédíò ti ya wèrè. Eruku ọyẹ́ lásán ni.

Kí a tó pààrọ̀ fọ́lúùmù tó ń ha tàbí tó ń dàrú, kí wọ́n kọ́kọ́ fọ̀ ọ́. Oògùn kan wà nínú agolo tí wọ́n ń fọ́n, tí àwọn oníṣẹ́ iná máa ń lò láti fi fọ ojú ibi tí iná ń gbà. Kí rédíò wà ní pípa, kí wọ́n fọ́n díẹ̀ sínú rẹ̀, kí wọ́n yí bọ́tìnnì síhìn-ín sọ́hùn-ún lọ́pọ̀ ìgbà, kí wọ́n jẹ́ kí ó gbẹ. Nígbà púpọ̀, ibẹ̀ ni wàhálà ń parí sí.

Báwo ni wọ́n ṣe ń yọ rédíò kúrò nínú dáṣíbọ́ọ̀dù? Ó sinmi lórí ọkọ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ Yúróòpù bíi Peugeot àti Renault, ihò róbótó kéékèèké mẹ́rin máa ń wà lójú rédíò, méjì lápá ọ̀tún, méjì lápá òsì. Irin méjì tí wọ́n tẹ̀ bí lẹ́tà U ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Wọ́n á kì wọ́n bọnú ihò, á dún tá, rédíò á yọ́ jáde. Wáyà líle tí a bá tẹ̀ dáadáa á ṣe iṣẹ́ kan náà. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ilẹ̀ Japan bíi Toyota, ike tó yí rédíò ká ni wọ́n ń kọ́kọ́ ṣí. Lẹ́yìn rẹ̀ ni bóòtù wà.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni tó tú bátìrì tàbí tó fa wáyà rédíò yọ, kí ó béèrè ohun kan. Ǹjẹ́ rédíò yìí ní nọ́ńbà àṣírí? Ọ̀pọ̀ rédíò tó bá ọkọ̀ Yúróòpù wá ló ní in, kí olè má baà jèrè wọn. Bí iná bá ti já kúrò lára rẹ̀, á ti ara rẹ̀ pa. Bí iná bá padà, nọ́ńbà ni yóò máa béèrè. Bọ́tìnnì á ti dára, ohùn kò ní jáde. Nínú ìwé tó bá ọkọ̀ wá ni nọ́ńbà náà sábà máa ń wà, tàbí lórí bébà kékeré tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara rédíò fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá ti yọ rédíò jáde, kí ó wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ó kọ ohun tó bá rí síbẹ̀ sílẹ̀ kó tó dá a padà.

Nígbà tí bọ́tìnnì bá wá ń padà sórí ọ̀pá, kí wọ́n má tì í dé ògiri. Kí àyè díẹ̀ wà láàárín rẹ̀ àti ojú rédíò, ìwọ̀n tí bébà páálí lè gbà kọjá. Bó bá lẹ̀ mọ́ ojú rédíò, á máa ha á, á le lọ́wọ́. Bọ́tìnnì tí wọ́n ń tẹ̀ tilẹ̀ gbọ́dọ̀ ní àyè ju bẹ́ẹ̀ lọ, kó lè rí ibi wọlé sí. Bí ojú bọ́tìnnì bá ní ìlà funfun tó ń fi ipò rẹ̀ hàn, kí wọ́n kọ́kọ́ yí ọ̀pá dé ìsàlẹ̀ pátápátá, kí ìlà náà kọjú sí ibi tí nọ́ńbà ti bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n tó tì í wọlé. Lẹ́yìn èyí, kí wọ́n tan rédíò, kí wọ́n yí i lọ dé òkè, kí wọ́n yí i padà dé ìsàlẹ̀. Bí ohùn bá tẹ̀lé ọwọ́ láìfò láìha, kí wọ́n dá ẹ̀mú padà sínú àpótí irinṣẹ́.